Okùn kò já, kókó ló yọ̀

Bí ẹja bá bọ́ mọ́ apẹja lọ́wọ́, okùn ló kọ́kọ́ máa ń bú. "Okùn yìí ò dáa." "Ayédèrú ni wọ́n tà fún mi." Èmi náà bú okùn títí ó fi sú mi. Mo kúrò lórí èyí tó ń gbé kílò 6, mo bọ́ sórí ti kílò 8, mo tún gun ti 10, àwọn ẹja ńlá sì ń lọ bí wọ́n ṣe ń lọ. Okùn tó nípọn tiẹ̀ tún ba nǹkan jẹ́ sí i ni: ẹja ń tètè rí i nínú omi tó mọ́, ìwọ̀ mi ò sì lọ jìnnà mọ́ bí mo bá jù ú.

Ọ̀rọ̀ kókó ni mo fẹ́ sọ níbí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ okùn. Bí a ṣe ń ta á sójú ìwọ̀, ohun tó ń mú un tú, àti bí èèyàn ṣe lè mọ̀ pé yóò tú kó tó di pé ẹja ló máa sọ fún un. Mo kọ ọ́ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọ̀pá, àti fún ẹni tó ti pẹ́ nídìí ẹ̀ ṣùgbọ́n tí àwọn tó tóbi ṣì ń sá mọ́ lọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n kan tó ti ń fi ìwọ̀ pẹja kí wọ́n tó bí mi ló là mí lójú. Ẹja kan ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ, mo ń ká okùn òfìfo bọ̀, mò ń ráhùn. Ó nawọ́ sí mi.

"Mú orí okùn yẹn wá kí n rí i."

"Ẹ̀gbọ́n, ó ti já náà nìyẹn. Kí lẹ tún fẹ́ wò níbẹ̀?"

"Mo ní kí o mú un wá."

Ó gbé e sókè sójú oòrùn, ó fi èékánná tẹ̀ ẹ́ lọ tẹ̀ ẹ́ bọ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. Ibi tó kẹ́yìn lára okùn náà ti lọ́ pọ̀ bí irun tí iná jó.

"Okùn yìí ò já o. Ó yọ̀ ni. Kókó rẹ tú, o wá ń bú ẹni tó ta okùn fún ẹ."

Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ mọ̀ pé orí okùn tó ṣẹ́kù máa ń jẹ́rìí. Bó bá lọ́ pọ̀, kókó ló yọ́ jáde díẹ̀díẹ̀ kó tó tú pátápátá; ìlọ́ yẹn ni àpá ibi tí okùn ti wé mọ́ra tẹ́lẹ̀. Bó bá gé láìsí ìlọ́ kankan, tó sì jẹ́ ẹ̀bá ìwọ̀ gan-an ló ti gé, inú kókó ló ti já: kókó náà dì mú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti pa okùn lára nígbà tí a ń ta á. Bó bá wá rí ṣágiṣàgi, tí ọwọ́ ń gbọ́ ọ pé ara rẹ̀ họ láti orí títí dé òkè, òkúta tàbí eyín ẹja ló jẹ ẹ́, kókó ò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú ẹ̀. Bí kò bá sì sí ìkankan nínú gbogbo ìyẹn, tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ mítà okùn ló bá ẹja lọ, ẹ lọ wo àwọn òrùka ara ọ̀pá yín tí okùn ń gbà kọjá. Èyí tó bá ti sán lára wọn ń ṣiṣẹ́ ọ̀bẹ.

N kì í ju orí okùn tó já nù mọ́ kí n tó gbé e sójú. Inú máa ń bí èèyàn lásìkò yẹn, ọwọ́ sì ń yá láti gé e dànù kí a tètè so òmíràn. Ẹ mú sùúrù díẹ̀. Ẹ̀rí ló wà lọ́wọ́ yín yẹn.

Èmi ti rò pé kókó tó bá ti le ti tó. Mo máa ń ta á gbígbẹ, mo máa fà á lójijì pẹ̀lú agbára, bó bá ti le gbagidi, ó parí. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé bí okùn bá ń fi ara ha ara rẹ̀ kíákíá, ó ń gbóná, okùn ọ̀rá, ìyẹn nylon, kò sì fẹ́ràn ooru. Mo padà gbé méjì sábẹ́ dígí tó ń mú nǹkan tóbi. Èyí tí mo fà ní gbígbẹ, níbi tó ti ń wọ inú kókó, ara okùn tó mọ́ gaara tẹ́lẹ̀ ti funfun, ó ti pẹlẹbẹ lápá kan, ó sì ní ìlà wẹ́wẹ́ tó ń fi hàn pé ó ti họ. Èyí tí mo fi omi sí, tí mo fà ní wọ́ọ́rọ́wọ́, ń dán gbinrin títí wọ inú kókó. Okùn kan náà ni o, láti orí ríìlì (ẹ̀rọ tí a fi ń ká okùn) kan náà.

Nítorí náà, ẹ fi omi sí i. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi itọ́ sí i, èmi náà ṣe é fún ìgbà pípẹ́, àfi ìgbà tí mo ro ó wò pé ọwọ́ tí mo fi ń mú òjé tó ń mú ìwọ̀ rì ni mo fi ń gbé okùn sẹ́nu. Òjé, májèlé ni. Ní báyìí, mò ń rì í bọ inú odò tó wà níwájú mi, tàbí inú ìdérí ìgò omi mi.

Èyí kì í ṣe ọgbọ́n tuntun rárá. Ní 1938 ni ilé-iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà kéde nylon fún aráyé. Ṣáájú ìgbà yẹn, ohun tí wọ́n ń fà jáde nínú kòkòrò ṣẹ́dà ni ọ̀pọ̀ apẹja máa ń so mọ́ iwájú okùn wọn. Bó bá gbẹ, ó ń le gan-an, bí wọ́n bá sì ta á bẹ́ẹ̀, ńṣe ló máa sán. Wọ́n ní láti rẹ ẹ́ sómi kó rọ̀ kí wọ́n tó lè ta á ní kókó. Ọ̀rá dé, kò béèrè rírẹ, a sì gbàgbé omi.

Kókó tí gbogbo wa kọ́kọ́ ń kọ́ ni clinch, àti ọmọ ìyá rẹ̀ tí wọ́n tún ṣe. Ẹ jẹ́ kí n pe apá kúkurú tí a máa gé nígbẹ̀yìn ní ìrù okùn, kí n pe apá tó lọ sí ríìlì ní ìyá okùn, kí a lè gbọ́ra wa yé. A ki okùn bọ ojú ìwọ̀, a wé ìrù mọ́ ìyá okùn ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún, a dá ìrù padà sísàlẹ̀, a gbà á kọjá nínú ojóbó kékeré tó wà lẹ́bàá ojú ìwọ̀, a tún wá gbà á kọjá nínú ojóbó ńlá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Omi. Lẹ́yìn náà, a rọra fa ìyá okùn, a ń fi ìka di ìrù mú kó má bàa sá padà.

Ẹ̀ẹ̀marùn-ún yẹn ló kó mi sí wàhálà. Wọ́n kọ́ mi ní márùn-ún, mo sì di márùn-ún mú bí òfin. Àṣé bí okùn bá ṣe nípọn tó ni iye ìgbà tí a máa wé e ṣe gbọ́dọ̀ dín kù sí. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ lè gba márùn-ún tàbí mẹ́fà. Èyí tó nípọn, mẹ́rin ti tó o, òmíràn ò tiẹ̀ gbà ju mẹ́ta lọ. Bó bá pọ̀ jù fún un, àwọn ìyípo náà á gun ara wọn lórí, kókó ò ní lè sún dé ìdí, a óò sì rò pé ó ti le nígbà tí àlàfo ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ mi: bí mo ṣe ń ra okùn tó nípọn sí i ni kókó mi ń burú sí i, bí kókó sì ṣe ń burú sí i ni mò ń ra èyí tó nípọn sí i. Owó ń lọ, ẹja ń lọ.

Bí clinch bá jókòó dáadáa, àwọn ìyípo rẹ̀ máa ń tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kan kò ní gun èkejì. Bí ẹ bá rí ọ̀kan tó fò lórí òmíràn, ẹ gé e. Kì í ṣe pé kí ẹ fi èékánná tún un ṣe o, ẹ gé e, kí ẹ ta òmíràn. Ibi tí wọ́n ti gun ara wọn yẹn ni okùn á ti gé ara rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹrù bá dé. Ó máa ń dun èèyàn láti gé kókó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, pàápàá bí ẹja bá ń fò níwájú ẹni. Ṣùgbọ́n ẹja tó ń fò yẹn gan-an ló máa já a.

Ẹ̀gbọ́n yẹn ló ní kí n fi clinch sílẹ̀ ná, kí n lọ kọ́ Palomar. "Ọmọdé ń ta á," ó ní, "ìwọ náà á rí i ta." Èébú ni, mo gbà á.

Ìdí tí Palomar fi dára kò ṣòro láti rí: okùn méjì ló gba ojú ìwọ̀ kọjá dípò ọ̀kan, ẹrù sì pín sórí méjèèjì. A ṣẹ́ okùn po sí méjì ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15, a ki ojóbó tó yọ bọ ojú ìwọ̀. A wá fi okùn méjèèjì pa pọ̀ ta kókó ẹyọ kan lásán, a ò ní fún un, ìwọ̀ á máa rọ̀ dirodiro lábẹ́ rẹ̀. A la ojóbó, a gba ìwọ̀ kọjá nínú rẹ̀ láti orí dé ìdí. A fi omi sí i, a di ìrù àti ìyá okùn mú pọ̀ lọ́wọ́ kan, a di ìwọ̀ mú lọ́wọ́ kejì, a fà á títí kókó fi jókòó sórí ojú ìwọ̀.

Ó rọrùn tó bẹ́ẹ̀, ó sì ní ibi tó ti ń tan èèyàn jẹ. Àkọ́kọ́, okùn méjèèjì gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn látìbẹ̀rẹ̀; bí ọ̀kan bá ré èkejì kọjá nínú kókó, agbára tí à ń wá ti bọ́. Èkejì ló mú mi pẹ́: nígbà tí a bá gba ìwọ̀ kọjá nínú ojóbó tán, ojóbó náà gbọ́dọ̀ gòkè kọjá ojú ìwọ̀, kó lọ bá kókó lórí okùn. Tèmi máa ń há sórí irin ojú ìwọ̀. Bí a bá wò ó láti òkè, ó jọ pé ó ti parí. Bí a bá fi ìwọ̀ dojú dé, a óò rí i pé ojóbó há sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì ń gé okùn kejì. Nítorí náà, ẹ máa yí ìwọ̀ po kí ẹ wo ẹ̀yìn kókó. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò wo ẹ̀yìn rí.

Fún ìwọ̀ kékeré, n kò rí èyí tó tó Palomar. Àmọ́ bí ẹ bá fẹ́ so ẹja àtọwọ́dá ńlá tó ní ìwọ̀ olóríta méjì tàbí mẹ́ta lára, ojóbó tí ẹ máa nílò á gùn gan-an, àwọn ìwọ̀ náà á sì máa fà mọ́ okùn, mọ́ aṣọ, mọ́ ìka. Fún ìyẹn, ẹ dúró de èyí tó ń bọ̀ nísàlẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo ra okùn híhun, èyí tí wọ́n ń pè ní braid. Mo rò pé ìṣòro ti tán. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó lágbára, ìwọ̀ ń fò lọ rére. Mo fi clinch mi atijọ́ so ó, pẹ̀lú omi o, pẹ̀lú sùúrù, gbogbo ìyípo rẹ̀ tò dáadáa. Mo fà á lọ́wọ́, ó dì mú. Ẹja tó kọ́kọ́ fà á gidi fa okùn náà jáde nínú kókó bí ẹni pé n kò so nǹkan kan. Mo gbé orí okùn sójú gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ mi: kò já, kò họ, ó kàn rọ̀ síbẹ̀ ni. Ojú tì mí díẹ̀, torí mo ti ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn nígbà náà.

Ohun tí wọ́n fi ń hun ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ni polyethylene, irú èyí tí wọ́n ń tà lábẹ́ orúkọ Dyneema tàbí Spectra. Ẹbí ọ̀rá tí wọ́n fi ń di ọjà ni, wọ́n kàn ṣe é ní ọ̀nà tó fi lágbára gan-an ni. Ara rẹ̀ ń yọ̀. Okùn ọ̀rá nylon máa ń rún, ó ń fẹ̀, ó sì ń bu ara rẹ̀ jẹ nínú kókó. Èyí kì í ṣe bẹ́ẹ̀, kì í sì í fà. Gbogbo ìjá tí ẹja bá já, kókó ló ń gbà á tààrà. Ó tún wá jẹ́ pé ooru tètè ń ràn án: ní nǹkan bí ìwọ̀n ooru 150 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni yóò ti yọ́, nígbà tí nylon máa ń kọjá 200. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ omi yẹn kan òun ju ẹnikẹ́ni lọ. Àwọn kan máa ń fi iná jó ìrù rẹ̀ kó lè yọ orí róbótó. Ó lẹ́wà lójú, àmọ́ bí iná náà bá sún mọ́ kókó, ẹ ti jó okùn yín nìyẹn. Èmi fi í sílẹ̀.

Kókó tó bá braid mu lọ́wọ́ mi ni uni, èyí tí Vic Dunaway, ará Amẹ́ríkà tó ń kọ̀wé nípa ẹja pípa, sọ di ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀. A ki okùn bọ ojú ìwọ̀, a mú ìrù rẹ̀ gòkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá okùn, a wá yí ìrù padà sí ìhà ìwọ̀ kí ojóbó lè yọ. Inú ojóbó yìí ni a ti máa wé ìrù mọ́ okùn méjèèjì: márùn-ún tàbí mẹ́fà fún ọ̀rá, méje tàbí mẹ́jọ fún braid. A fa ìrù kí kókó lè kó ara jọ, a fi omi sí i, lẹ́yìn náà ni a fa ìyá okùn, kókó á sì máa rìn bọ̀ wá bá ojú ìwọ̀. Ìrìn yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀. Ẹ lè dá a dúró níwọ̀n díẹ̀ sí ojú ìwọ̀ kí ẹja àtọwọ́dá lè máa jó nínú omi, bí ẹja ńlá bá sì gbé e, ó máa sún dé ìdí fúnra rẹ̀. Èyí ni mo ní kí ẹ dúró dè fún àwọn ìwọ̀ olóríta.

Ohun kan tún wà tí braid fi ṣe mí tí kò kan ojú ìwọ̀ rárá. Mò ń yí ríìlì, ọwọ́ rẹ̀ ń yí, okùn ò sì wọlé. Mo tú bíréèkì, èyí tó ń di ríìlì mú kí okùn má kàn sá jáde, mo tún fún un, ibi kan náà. Gbogbo okùn tó wà lórí ríìlì ló ń yí gbirigbiri lẹ́ẹ̀kan náà, kò dì mọ́ irin tó wé mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kó braid sórí ríìlì, kó kọ́kọ́ ká mítà díẹ̀ okùn ọ̀rá síbẹ̀, kó wá so braid mọ́ ọn, tàbí kó lẹ téèpù mọ́ irin náà kó tó ká a. Irin dídán nìkan ò lè di í mú.

Síso okùn méjì pọ̀ ni ibi tí mo ti fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Braid ń hàn nínú omi, òkúta sì ń tètè gé e, nítorí náà ọ̀pọ̀ wa máa ń so okùn iwájú mọ́ ọn, ọ̀rá tàbí fluorocarbon, irú ọ̀rá mìíràn tí kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn nínú omi, bíi mítà kan sí méjì. Okùn kan ń yọ̀, èkejì le. Ọ̀kan tẹ́ẹ́rẹ́, èkejì nípọn. Ta ló fẹ́ fẹ́ wọn fún ara wọn?

Double uni ni ọ̀nà tó rọrùn jù. A gbé orí okùn méjèèjì kọjá ara wọn, a fi ọ̀kan ta uni mọ́ èkejì, a fi èkejì náà ta uni mọ́ ọ̀kan, a fa ìyá okùn méjèèjì sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kókó méjèèjì á sì sáré wá pàdé. Ẹ wé braid ní ẹ̀ẹ̀mẹjọ, ẹ wé okùn iwájú ní ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí márùn-ún. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó tóbi: ẹ máa gbọ́ ọ tó ń kan àwọn òrùka ara ọ̀pá, kọ̀, kọ̀, kọ̀, nígbà tí ẹ bá ń jù ú.

Kókó FG ni tàwọn tó ní sùúrù. Nínú rẹ̀, okùn iwájú kì í ṣẹ́ po rárá, ńṣe ló na gbọọrọ, braid ló ń wé mọ́ ọn, ẹ̀ẹ̀kan láti òkè, ẹ̀ẹ̀kan láti ìsàlẹ̀, títí dé nǹkan bí ogún. Bí a bá ṣe ń fà á tó ni braid ṣe ń fún okùn iwájú lọ́rùn tó. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń gba inú òrùka kọjá láìdún. Ṣùgbọ́n braid gbọ́dọ̀ le kankan ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń wé e. Bó bá dẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Èmi máa ń so ìyá braid mọ́ orí ọ̀pá, mo sì máa ń fi eyín di ìrù rẹ̀ mú, kí ọwọ́ méjèèjì lè ráyè fún okùn iwájú. Bí mo bá ti ta kókó ẹyọ díẹ̀ lé e lórí kó má bàa tú, mo máa ń wọ ìbọ̀wọ́, mo sì máa fà á gidi. Àwọ̀ braid náà á yí padà lójú ẹni, á ṣú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí pé ó ti bu okùn iwájú jẹ. Bí àwọ̀ kò bá yí, kò tíì jókòó, ẹ má tíì gé ìrù okùn iwájú. Ibi tí n kò mọ̀ nìyẹn fún ìgbà pípẹ́. Mo máa ń gé e kí n tó fà á dáadáa, ojú odò ló sì ti máa ń yọ́ kúrò bí ọ̀bẹ nínú àkọ̀.

Ilé ni mo ti kọ́ gbogbo ìwọ̀nyí, kì í ṣe ojú odò. Mo fi okùn ìsáṣọ bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú òrùka kọ́kọ́rọ́ dípò ìwọ̀, torí okùn ńlá máa ń jẹ́ kí ojú rí ibi tí ohun gbogbo gbà. Bó bá ti yé ọwọ́, mo bọ́ sórí okùn gidi, mo tẹ́ aṣọ dúdú sí itan, nítorí okùn tó mọ́ gaara kì í hàn lórí aṣọ funfun. Nígbà tó yá, mo pa iná yàrá, mò ń ta á nínú òkùnkùn. Ìyàwó mi bi mí bóyá ara mi yá.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tó lágbára lọ́wọ́ tiyín, ẹ ra òṣùwọ̀n tí a ń fi nǹkan kọ́, kí ẹ fi ìwọ̀ kọ́ ọ, kí ẹ rọra fà á títí á fi já, kí ẹ sì wo iye tó dé. Ẹ lè fi kókó kan sí orí okùn, kí ẹ fi irú mìíràn sí ìdí rẹ̀: èyí tó bá kọ́kọ́ já ló kéré. Ẹ má wé okùn mọ́ ọwọ́ lásán láé, braid pàápàá, ó ń gé ẹran ara dé ìsàlẹ̀. Ẹ wé e mọ́ igi kékeré kan, kí ẹ sì wọ awò ojú, torí ìwọ̀ tó bá já bọ́ kì í wo ibi tó ń lọ. Èsì tí mo rí yà mí lẹ́nu. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín Palomar tí mo ta dáadáa àti uni tí mo ta dáadáa kò tó nǹkan. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín Palomar dáadáa àti Palomar tí mo fi ìkánjú ta, ńlá ni. Èmi tí mo ti ń ka ìwé kiri láti mọ kókó tó dára jù láyé!

Àwọn nǹkan kéékèèké wà tí n kò mọ ibi tí mo máa fi sí, nítorí náà mo kó wọn síbí. Ojú ìwọ̀ olówó pọ́ọ́kú máa ń ní àlàfo níbi tí irin ti pàdé, etí rẹ̀ sì mú. Bí okùn bá sún bọ́ síbẹ̀, ó ti gé. Ẹ fi ìka wá a kí ẹ tó so ó. Ẹ fi mílímítà 2 sí 3 sílẹ̀ lára ìrù bí ẹ bá ń gé e, kókó á ṣì sún díẹ̀ nígbà tí ẹrù bá dé. Ohun tí a fi ń gé èékánná ń gé ọ̀rá dáadáa, àmọ́ braid fẹ́ sísọ́ọ̀sì tó mú. Ẹ má fi eyín gé e, ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀ yín, eyín kì í hù lẹ́ẹ̀kẹta.

Bí afẹ́fẹ́ bá ta kókó ẹyọ kan sáàárín okùn nígbà tí ẹ ń jù ú, ẹ má fojú fò ó. Kókó lásán yẹn lè gba nǹkan bí ìdajì agbára okùn. Ti kílò 10 á wá di bíi ti kílò 5 láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Ìdí kan náà ni mi ò fi ń fún bíréèkì ríìlì ju ìdá kan nínú mẹ́rin sí ìdá kan nínú mẹ́ta agbára okùn lọ: fún ti kílò 10, bíi kílò 2.5 sí 3.3 lórí òṣùwọ̀n. Èyí tó kù jẹ́ ti kókó, ti òkúta, àti ti ìwà ẹja.

Lẹ́yìn ẹja ńlá, tàbí bí ìwọ̀ bá há sí ìsàlẹ̀ odò tí mo sì fà á yọ, mo máa ń fi ìka méjì fa mítà tó kẹ́yìn kọjá. Bí ara rẹ̀ bá ti họ, mo gé e, mo tún ta òmíràn, bí kókó rẹ̀ tiẹ̀ rẹwà. Gígé wọ̀nyẹn, inú ìgò kan nínú àpò mi ni mò ń kó wọn sí, torí ẹsẹ̀ ẹyẹ máa ń há sínú okùn tí a bá jù sílẹ̀. Nílé ni mo ti ń gé wọn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ kí n tó dà wọ́n nù.

Ní báyìí, Palomar ni mò ń fi so ìwọ̀ kékeré, uni ni fún ẹja àtọwọ́dá. FG, ilé ni mo ti ń ta á sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Bí ìyẹn bá já lójú odò, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, tí ìka ti tutù, double uni ni mò ń ta, mo sì ń jẹ́ kó máa kan òrùka ọ̀pá bó ṣe wù ú.